Àga Tí Àbúdù Fi Ìkókorè Lẹ̀ Pọ̀

Àṣìṣe kékeré ni Àbúdù ṣe. Kò rántí pé ewùrà máa ń rọ̀ nígbà òjò. Ká sọ ọ́ bó ṣe yẹ: ó mọ̀ pé òjò máa ń mú kí nǹkan rọ̀, kò kàn ka ewùrà mọ́ nǹkan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyàwó rẹ̀, Kúbúrátù, jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní àdúgbò Pòrógun, ó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò tó fi se ìkókorè ewùrà. Ó fi kànrìnkàn họ ọ́, kò ṣí. Ó fi ṣíbí họ ọ́, kò ṣí. Ó fi etí ọ̀bẹ họ ọ́, ẹnu ọ̀bẹ ṣẹ́. Àbúdù dúró tì í, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ẹni tó rí owó he.

"Ìyá Fatihah, dáwọ́ dúró. Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn?"

"Ìkókorè tó jóná ni."

"Rárá o," ni Àbúdù wí. "Gọ́ọ̀mù ni."

Ó ti ń kan àga kan lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà, nítorí àwọn ẹbí ọkùnrin tí Fatihah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìdí àga wà, ẹ̀yìn àga wà, àwọn ẹsẹ̀ nìkan ni kò tíì dúró. Ìṣó ti tán. Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù káfíńtà wà, ìṣó sì kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí Àbúdù bá lọ, Mọ́rúfù á bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nítorí náà, ó bu ìkókorè àjẹkù, ó fi lẹ ẹsẹ̀ àga mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì fi okùn so ó kó gbẹ. Nígbà tó tú okùn náà, àga dúró gbọn-in. Kò tilẹ̀ yọ ẹja inú rẹ̀.

Àwọn ará Pòrógun kan ń sọ pé àga méjì àti bẹ́ǹṣì kan ló ya lulẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Irọ́ ni. Àga kan ṣoṣo ni. Àwọn mìíràn ní ọkọ ìyàwó ló jókòó sí i. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà ẹbí ọkọ ni, bàbá kan tó síngbọnlẹ̀, tó wọ agbádá funfun, tí wọ́n sì fún ní àga tuntun nítorí pé òun ni àlejò pàtàkì. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo ara ògiri ló ń làágùn.

Bàbá wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àga náà kò wó o. Ó yẹ ká tẹnu mọ́ èyí, nítorí àga tó bá wó máa ń dún. Èyí rọra ń ya ẹsẹ̀ ni, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Nígbà tí Bàbá sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà ilé yìí, ojú òun àti ojú Àbúdù dọ́gba. Nígbà tó sọ pé òdòdó náà wu àwọn, bọ́tìnnì àyà Àbúdù ló ń wò. Nígbà tó fi máa sọ pé àwọn wólẹ̀ níwájú ẹbí ìyàwó, òótọ́ ló ń sọ.

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Ológbò ilé wọlé, ó lọ tààrà sídìí ẹsẹ̀ àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Bàbá fín imú.

"Ẹ̀yin àna wa," ó wí láti ilẹ̀ tó wà, "òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Ìkókorè ni, sà," ni Àbúdù dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́, ó ti pẹ́."

Bàbá wo ẹsẹ̀ àga. Ó wo ológbò. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ó tán," ó ní. "Ọmọ tó bá wá láti ilé tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ kan àga, kò ní febi pa ọmọ wa." Bí wọ́n ṣe gbà láti fẹ́ Fatihah nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, Kúbúrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wá sí pálọ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fatihah, láti òní lọ, ìdí mi ò ní kan ohunkóhun tí ẹ bá fọwọ́ yín ṣe."

"Kódà àga tí mo fẹ́ ṣe fún ẹ?"

"Pàápàá èyí tí ẹ fẹ́ ṣe fún mi."

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn àga nínú ilé náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Kúbúrátù wọlé ni ó ti ń fẹ́ àga kan tirẹ̀, àga tó ní ẹ̀yìn, tó ní apá, tí obìnrin tó ti ta abọ́ tánganran lọ́jà Òkè-Ajé láti àárọ̀ lè fẹ̀yìn tì. Ó ní agbára láti rà á. Àbúdù ni kò gbà. "Má rà á," ló máa ń sọ, "màá ṣe é fún ẹ." Ó ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Fatihah. Nígbà tí Fatihah wọ yunifásítì ní Ìjagun, ó ṣì ń sọ ọ́. Àpótí ìdáná tí Kúbúrátù gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀ ló ń jókòó lé ní gbogbo àkókò yẹn, tí àlejò bá sì dé, á gbé e láti ilé ìdáná wá sí pálọ̀ bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan nínú ilé ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà dun Àbúdù ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga tó ṣe, kí ó má sì bẹ̀rù.

Kì í ṣe káfíńtà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, lílẹ nǹkan sì ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù níbẹ̀. Fatihah ló fi fóònù dá a lọ́lá nígbà tí kò rí nǹkan ṣe mọ́, inú fóònù náà ni ó sì ti pàdé àwọn òyìnbó tó ń fi àlòkù nǹkan ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Kò sùn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

"Wo òyìnbó yìí," á sọ fún Kúbúrátù. "Pákó àpótí ẹja ló fi ṣe bẹ́ẹ̀dì."

"Òyìnbó yẹn mọṣẹ́."

"Ọwọ́ mélòó ló ní?"

"Méjì."

"Èmi ńkọ́?"

Kúbúrátù wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Òòlù ti lu àtàǹpàkò kan títí ó fi wú bí ìgbá, aṣọ ni wọ́n fi di ìka tó tẹ̀lé e. "Ọ̀kan àbọ̀," ó ní.

Ohun tó burú jù ni pé kì í lo tépù. Ìka ló fi ń wọn nǹkan. "Tépù lè fẹ̀, ó lè sún kì," ni yóò sọ, "ṣé ìka mi lè gùn sí i?" Ìka rẹ̀ kò gùn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wú, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Ohun tó bá wọ̀n kí òòlù tó lu ìka kì í bá èyí tó wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ mu. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé onínẹ́ẹ̀tì tó ṣe fún yàrá wọn kò fi gba ẹ̀fọn kankan láyè láti jáde.

Mọ́rúfù káfíńtà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tí nǹkan bá ti wó lulẹ̀ nílé Àbúdù, tí ìró rẹ̀ sì ré títì kọjá, á gbé ìṣó kan sáàárín eyín, á sọdá.

"Bàbá, mo gbọ́ tó dún. Ẹ jẹ́ n fi ìṣó kan kún un."

"Padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ."

"Ìṣó kan péré, Bàbá! Mi ò gba kọ́bọ̀."

"Mọ́rúfù," Àbúdù á wí, á na ìka wíwú náà sí i, "tí o bá fi ìṣó kan kún un, ó di tìẹ."

Ọ̀rọ̀ awọ àgbò ló tẹ̀lé ti àga. Lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi iná wi awọ àgbò wọn láti fi ṣe pọ̀nmọ́, Àbúdù bó tirẹ̀ pamọ́. Ó fẹ́ fi ṣe awọ ìkírun fún Áfáà Zakariyah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú, tí ẹní rẹ̀ sì ti ń já. Ó gbọ́ pé ohun kíkan ni wọ́n fi ń ṣe awọ kó má bàa jẹrà. Ibí yìí ni orí ọmọ Ìjẹ̀bú ti ṣiṣẹ́.

"Níbo láyé ni gàrí ti kan ju tiwa lọ?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Fatihah, gàrí mi dà?"

Gàrí ti wà nínú ike ńlá pẹ̀lú omi, awọ àgbò sì ti mù ún yó. Nígbà tí Àbúdù yọ ọ́, ó sá a, awọ náà gan bíi páànù. Áfáà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ṣàdúrà fún un, ó tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá forí kanlẹ̀, awọ á dún gbàràgàdà, àwọn ọmọ kéú á rò pé orí Áfáà ló fọ́. Wọn ì bá fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin dé, awọ rọ̀, ó sì rántí pé àgbò lòun.

Kò pẹ́ tí Áfáà fi wá sílé Àbúdù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, kò wọlé.

"Alàgbà, Ọlọ́run á gba iṣẹ́ yín. Àmọ́ igún kan ti ń bá mi kírun."

"Igún kẹ̀? Níbo ló ń dúró sí?"

"Orí òrùlé. Tí mo bá ti tẹ́ awọ, á bà."

Àbúdù ronú díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣẹ̀sìn ni?"

"Rárá, Alàgbà," ni Áfáà wí. "Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n parí."

Ti ọṣẹ kò tó báyìí. Ó fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ kan tó ní Kúbúrátù lè fi máa nu abọ́ ọjà rẹ̀ kó máa dán. Ó nù wọ́n lóòótọ́. Òdòdó pupa ara abọ́ bá omi lọ, òdòdó búlúù tẹ̀lé e, gbogbo abọ́ di funfun báláú. Kúbúrátù nù wọ́n gbẹ. Ó kó wọn lọ sí Òkè-Ajé, ó to wọ́n lọ́tọ̀, ó ní irú èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọ́n sì tà tán kí àwọn olódòdó tó tà. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àga ló wà lọ́kàn Àbúdù. Ó gbé àga aláyùn-ún-bọ̀ kan jáde, irú èyí tó yẹ kó máa mì síwá sẹ́yìn, tó mọ lílọ ṣùgbọ́n tí kò mọ bíbọ̀. Ó gbé èyí tó fi ìjókòó ọ̀kadà ṣe jáde, tóóró, gígùn, tó ń yọ̀. Tó bá ti ṣe tán, á nu ún, á gbé e sí pálọ̀, á dúró tì í. Kúbúrátù á dé láti ọjà, á wo àga, á wo ọkọ rẹ̀.

"Ó dáa," á wí. Á sì lọ gbé àpótí rẹ̀ wá.

Àga táyà ló sún mọ́ àṣeyọrí jù. Àbúdù to táyà ọkọ̀ lé ara wọn, ó fi okùn hun ojú rẹ̀ bí ẹní, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí Kúbúrátù fi fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kàn án, kì í ṣe ìdí. Ojú Àbúdù rẹ̀wẹ̀sì. Màmá Edith, aládùúgbò wọn tó ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé ìjọ rí, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àánú sì ṣe é.

"Ìyá Fatihah, ẹ máa gba ọkọ yín níyànjú," ó wí. "Ẹ kúrò, èmi á jókòó."

Ó jókòó. Okùn náà rò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Màmá Edith wọ inú táyà lọ títí orúnkún rẹ̀ fi kan àgbọ̀n, ìwọ̀nba orí, ọwọ́ àti bàtà rẹ̀ ló kù lókè. Wọ́n fà á lọ́wọ́, kò jáde. Wọ́n fà á lẹ́sẹ̀, ó kígbe.

"Ẹ rọra! Ẹ má fà mí bí ẹ̀gẹ́!"

Mọ́rúfù sọdá pẹ̀lú ayùn. Àbúdù na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Táyà mi lo fẹ́ rẹ́?"

"Bàbá Fatihah," ni Màmá Edith wí láti inú ihò, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń bá ọmọ ilé ìwé wí, "nínú èmi àti táyà yìí, èwo lẹ fẹ́ gbà là?"

Àbúdù kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Màmá Edith ti dárí gbogbo nǹkan yòókù jì í, àfi dídákẹ́ yẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí orúnkún Kúbúrátù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi ọ̀rá pa á. Lẹ́yìn náà, ó forí kanlẹ̀ lórí ìrun Àsùbáà kan, kò sì lè dìde mọ́ àfi ìgbà tí Àbúdù gbé e. Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó ní eegun ti ń ha ara wọn; kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ jókòó nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí kúkurú mọ́. Tó bá fẹ́ kírun, orí àga ni.

Àga tó ti jẹ́ ohun tí ó wù ú tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí kò lè ṣe aláìní. Fatihah pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti ilé ọkọ.

"Mọ́mì, mò ń fi àga ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kí Dádì má sọ nǹkan kan o."

Dádì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Sọ fún un kó dúró títí di Iléyá."

"Bàbá Fatihah, orúnkún mi ni o. Kì í ṣe pákó tí ẹ lè ṣì gé."

"Mo mọ̀. Títí di Iléyá. Tí mi ò bá rí i ṣe, kó gbé tiẹ̀ wá, mi ò ní fọwọ́ kan ìṣó mọ́ láyé mi."

Kúbúrátù wo orí rẹ̀ tó ti funfun. Ó wo àtàǹpàkò náà. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, òun kì í sì í ṣe ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ́.

"Kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ nínú ẹ̀," ó wí níkẹyìn.

"Kò ní sí."

"Kò gbọdọ̀ sí táyà."

"Kò ní sí."

"Tépù lẹ ó sì fi wọ̀n ọ́n."

Àbúdù wo ìka rẹ̀. Èyí le ju ti táyà lọ. Ó dìde, ó sọdá títì lọ́sàn-án gangan, níṣojú gbogbo ayé, ó sì yá tépù lọ́wọ́ Mọ́rúfù. Mọ́rúfù kò bi í ní nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ló kàn là.

Kúbúrátù dúró, ó gbá ògiri mú. Àbúdù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ máa fì," ó wí. Ó sì fi ẹfun sàmì sára ògiri.

Láti ọjọ́ náà, tàpólì ló bo iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń gbọ́ òòlù, wọ́n ń gbọ́ ayùn, wọ́n ń gbọ́ "Àáà!" tó máa ń tẹ̀lé òòlù. Wọ́n sì tún ń gbọ́ ìró ìṣó tí wọ́n ń fà yọ, nítorí ó ń tú u, ó ń tún un tò. Kúbúrátù ń kírun ní etí bẹ́ẹ̀dì, tó rọ̀ jù, tó sì ga jù, kò sì yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Tí Fatihah bá pè, á ní, "Iléyá ò tíì dé."

Àbúdù kò rí Iléyá. Àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni, ó dà bí ibà lásán, ó ṣì ń bá dókítà jiyàn pé bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn náà kò dúró déédéé. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ló dákẹ́. Bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe, wọn kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sin ín.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, àwọn tó wá kí Kúbúrátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Áfáà Zakariyah ló kọ́kọ́ wúkọ́. "Igún yẹn," ó ní. "Mi ò rí i mọ́." Màmá Edith bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ẹnì kan dárúkọ ìkókorè. Ẹnì kan ní àga méjì ni, Kúbúrátù sì tún un ṣe láti inú yàrá: "Ọ̀kan ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Màmá Edith fi rí i pé òun ti ń sunkún tipẹ́.

Fatihah ti gbé àga wá lóòótọ́. Àga aláwọ dúdú ńlá ni, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Kúbúrátù jókòó sí i. Ó rọ̀, ó tutù, ó dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì lókè, kò kan ilẹ̀.

"Ṣé ó dáa, Mọ́mì?"

"Ó dáa," Kúbúrátù wí. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó di ọ̀pá mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ṣí tàpólì.

Àga kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn, ó ní apá. Apá ọ̀tún ga ju ti òsì lọ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Kúbúrátù kò jókòó. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn pákó nìkan ni.

Wọ́n pe ìrun Àsárì. Ó ní kí wọ́n gbé e wọlé, kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí gábàsì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni Fatihah wí. "Tiyín nìyẹn nínú pálọ̀. Ẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́."

"Ṣé bàbá ẹ ò lo tépù ni?"

Mọ́rúfù, tó ti sọdá láti wá kí wọn, lọ dúró sẹ́yìn àga, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ. Màmá Edith di ojú. Kúbúrátù rọra jókòó. Àga náà dún "hùn-ún" lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Àbúdù ti máa ń ṣe kó tó sọ pé òun á ṣe é. Gbogbo ènìyàn dúró. Kúbúrátù náà dúró. Ó ń retí pé kí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ òun.

Kò sún mọ́ ọn. Ilẹ̀ ti wà níbi tó yẹ kó wà: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì simi. Kò sí ìgbà kankan láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ tí orúnkún náà simi bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àníyàn ìrun rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kírun rẹ̀ parí. Nígbà tó sálámà, ó fẹ̀yìn tì. Ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn tí Kúbúrátù dìde, Mọ́rúfù kò lè fara dà á mọ́. Ó dojú àga délẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ gba orí mú.

"Màmá, kò sí ìṣó tó tọ́ níbí. Ọ̀kan yìí ò tilẹ̀ kan pákó kejì. Ẹsẹ̀ yìí, mi ò mọ ohun tó dì í mú. Kò yẹ kó dúró!"

"Ó sì dúró."

"Ẹ jẹ́ n fi ìṣó kan kún un, Màmá. Ẹyọ kan péré."

Kúbúrátù gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó sì fi ìborùn rẹ̀ nu ibi tí ọwọ́ Mọ́rúfù kàn.

"Mọ́rúfù," ó wí, "tí o bá fi ìṣó kan kún un, ó di tìẹ."

Àga náà ṣì wà ní yàrá rẹ̀ ní Pòrógun, ó ń dún hùn-ún nígbà márùn-ún lójúmọ́. Abọ́ tánganran ló kún orí àga tí Fatihah gbé wá. Àbúdù wà ní Ìjẹ̀bú-Imusin, ìlú bàbá rẹ̀, ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, lápá ọ̀tún béèyàn bá ti wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kaṣú. Mọ́rúfù ló gé pákó tí wọ́n tò bo sàréè rẹ̀. Tépù ló fi wọ̀n ọ́n.